Ìwà Ayàwòrán Nínú Máńgà: Ohun Tí Ọwọ́ Kò Lè Fi Pamọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin olólùfẹ́ ìwé àwòrán tí ẹ jókòó síbí, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí ìwà àti ìṣesí ayàwòrán máńgà ṣe máa ń hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Máńgà ni ìwé ìtàn alàwòrán ti ilẹ̀ Japan, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ti bá a pàdé lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú eré bíi Dragon Ball, kí ẹ tó gbọ́ rárá pé inú ìwé ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà dáhùn ìbéèrè yìí, tí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Wọn á lọ wá ìtàn ìgbésí ayé ayàwòrán, wọn á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀, wọn á sì sọ pé: ó jagun, ìdí nìyẹn tí ó fi ya ogun; ó jẹ́ dókítà, ìdí nìyẹn tí ó fi ya iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ojú ènìyàn rí ni wọ́n ń sọ yẹn, kì í ṣe irú ẹni tí ó jẹ́. Ogun kan náà ni ọ̀kẹ́ àìmọye ọdọ́kùnrin Japan jà, ohun tí oníkálukú wọn sì mú bọ̀ láti ojú ogun kò jọ ara wọn. Ohun tí èmi rò ni pé kí a má wo ìtàn tí ayàwòrán yàn láti sọ nìkan, kí a wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń pẹ́ àti ibi tí ó ti ń sáré kọjá, ohun tí ó ń fi sùúrù yà àti ohun tí ó ń fò dá, pàápàá nígbà tí àsìkò kò bá dúró dè é.

Àsìkò kì í sì í dúró. Nínú ìwé ìròyìn tí ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nǹkan bí ojú ìwé 18 sí 20 ni ayàwòrán kan gbọ́dọ̀ parí lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ á sì máa gorí ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Nínú ọ̀pọ̀ máńgà, ẹnì kan náà ni ó ń ro ìtàn, tí ó ń pín ojú ìwé sí àpótí-àpótí, tí ó sì ń ya ojú àwọn ẹ̀dá-ìtàn. Ènìyàn lè ṣe bí ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ni ó lè ṣe é fún ẹgbẹ̀rún ojú ìwé, pẹ̀lú oorun lójú, tí olóòtú sì ń kan ilẹ̀kùn?

Ẹni tí mo fẹ́ kí a wò jù lónìí ni Shigeru Mizuki. Wọ́n bí i ní 1922, ó sì dàgbà ní Sakaiminato, ìlú etíkun kan ní agbègbè Tottori. Ìyá arúgbó kan tí ó máa ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ilé, tí wọ́n ń pè ní NonNonBa, ni ó kọ́kọ́ fi ìtàn àwọn yokai kún etí rẹ̀, ìyẹn àwọn iwin àti ẹ̀dá àìrí tí àwọn ará Japan máa ń sọ̀rọ̀ wọn. Bí ọmọ náà bá rí àbàwọ́n lára àjà ilé, ìyá yìí á sọ fún un pé iwin kan wà tí ó máa ń fi ahọ́n lá àjà lóru, òun ni ó fi àmì yẹn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Mizuki mọ̀ pé kò jáwọ́ nínú wíwo àbàwọ́n láti ọjọ́ náà.

Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n mú un wọṣẹ́ ogun, wọ́n sì gbé e lọ sí Rabaul, ní erékùṣù New Britain tí ó wà lábẹ́ Papua New Guinea lónìí. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, òun ni iṣẹ́ ìṣọ́nà bọ́ sí lọ́wọ́. Ó yẹ kí ó padà lọ jí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn rí àwọn ayékòótọ́ lórí igi, wọ́n wù ú, ó sì dúró wò wọ́n sí i. Àárín ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀tá ya bo àgọ́ wọn. Òun nìkan ni ó yè nínú ikọ̀ náà. Nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ rìn, tí ó lúwẹ̀ẹ́, tí ó sì fara pamọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, ìbáwí ni wọ́n fi pàdé rẹ̀: èéṣe tí ó fi sá wálé láàyè nígbà tí àwọn yòókù ti kú? Lẹ́yìn ìyẹn ni ibà dá a gúnlẹ̀, bọ́ǹbù tí ọkọ̀ òfuurufú jù sì ṣe apá òsì rẹ̀ léṣe débi pé wọ́n gé e. Ó sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí ojú ọgbẹ́ náà ń jinná, òórùn ọmọ ọwọ́ ni òun ń gbọ́ níbẹ̀, ìyẹn sì fún òun ní ìrètí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn ayékòótọ́ yẹn. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ nípa ogun rẹ̀, ìwọ̀nba ìyẹn ni mo lè pè ní ìwà. Ọkùnrin yìí a máa dúró wo nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò rán an láti wò.

Ní 1973 ó ya ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Sōin Gyokusai Seyo!, nípa ikọ̀ ọmọ ogun kan ní erékùṣù náà tí wọ́n pàṣẹ fún pé kí gbogbo wọn kọlu ọ̀tá kí wọ́n sì kú. Àwọn tí kò kú sì di ìṣòro, nítorí pé àwọn ọ̀gá ti ròyìn lọ sókè pé gbogbo wọn ti kú, kò sì sí bí wọn yóò ṣe kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà pẹ̀lú èrò pé ìbínú ni yóò bá pàdé yóò ya ẹnu. Oúnjẹ ni àwọn ọmọ ogun náà ń rò láàárọ̀ títí di alẹ́. Wọ́n ń gbá wọn létí láìnídìí. Ọ̀kan nínú wọn kú nítorí ẹja tí ó fi eyín mú tí ó sì yọ́ há a lọ́fun. Ọ̀nì gbé òmíràn lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwúrí kankan lórí ikú ẹnikẹ́ni nínú wọn, òǹkàwé kò sì mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun pa ìwé náà dé.

Ṣùgbọ́n inú ìlà tí ó fà gan-an ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí wà. Àwọn ènìyàn inú ìwé náà, ìlà díẹ̀ ni ó fi yà wọ́n: imú ńlá, ojú róbótó, ẹnu tí ó ṣí sílẹ̀, èémí tí ó ń tú jáde nímú bí ẹni pé nǹkan ti sú wọn. Ọmọdé lè ṣe àdàkọ wọn. Àmọ́ igi tí wọ́n dúró lábẹ́ rẹ̀, òkun tí wọ́n gbà wá, òkè tí ó wà lẹ́yìn wọn, àìmọye tóótòòtó àti ìlà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kún wọn, títí ewé kọ̀ọ̀kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí fọ́tò. Òǹkàwé á ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé báyìí, ìyàtọ̀ náà á sì mọ́ ọn lára. Nígbà tí ó bá dé òpin, tí ìkọlù ìkẹyìn parí, tí òkú sùn lórí òkú, ọwọ́ tí ó ń ya igbó ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ènìyàn náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ara wọn ní ìwọ̀n, ẹran ara wọn ní òjìji, egungun wọn sì hàn kedere. Kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Maruyama, ẹ̀dá-ìtàn tí ó dúró fún Mizuki fúnra rẹ̀, wà láàárín àwọn tí ó kú níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ń yà á ti padà sílé láti ọdún pípẹ́.

Mo ti ka àlàyé àwọn kan tí wọ́n ní ọgbọ́n iṣẹ́ lásán ni èyí. Èmi kò gbà. Bí Mizuki ṣe ń wo ayé ni. Lójú rẹ̀, ènìyàn alààyè jẹ́ ẹ̀dá apanilẹ́rìn-ín, aláìlágbára, olójúkòkòrò díẹ̀, tí a kò sì gbọ́dọ̀ fìyà jẹ nítorí èyí. Igbó àti òkun ni nǹkan pàtàkì, wọ́n ti wà kí ó tó dé, wọn yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀ náà ni ó fi wo àwọn iwin nínú GeGeGe no Kitarō, iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù. Akọni ìtàn náà jẹ́ ọmọ olójú kan tí wọ́n bí sínú sàréè, bàbá rẹ̀ tí ó ti kú sì padà wá gẹ́gẹ́ bí ẹyinjú kan ṣoṣo tí ó ní ara, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí ó máa ń wẹ̀ nínú abọ́ tíì. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà, Nezumi Otoko, ọkùnrin eku, jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ pọ́ńbélé. Nítorí owó, yóò tà á fún ọ̀tá lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, wọn yóò tún jọ jókòó. Ayàwòrán mìíràn ìbá ti lé e kúrò nínú ìtàn tàbí kí ó jẹ́ kí ó ronú pìwà dà. Mizuki kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, nígbà tí ó sì fẹ́ ya ìtàn orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti 1926 dé 1989, ọkùnrin eku yìí ni ó fi ṣe olùsọ̀tàn. Ó dàbí ẹni pé ẹ̀dá tí kò lójútì yìí ni ó gbẹ́kẹ̀ lé jù láti sọ òtítọ́ nípa ìjọba.

Òfin méje kan wà tí ó kọ sílẹ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè láyọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí ènìyàn di ọ̀lẹ. Ẹni tí ó kọ èyí, apá kan ṣoṣo ni ó fi ya iṣẹ́ tí ó lé ní ogójì ọdún, ebi sì pa òun àti ìyàwó rẹ̀ Nunoe nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn ní 1961, tí ìyàwó náà fi ń bá a fa ìlà sínú àwòrán kí wọ́n lè tètè parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn, àdúrà ẹni tí kò rí ibi sinmi ni.

Ó ya àwòrán kúkúrú kan nípa oorun. Níbi àpèjẹ kan, Osamu Tezuka àti Shotaro Ishinomori, àwọn ayàwòrán máńgà bíi tirẹ̀, ń fi àìsùn yangàn, oníkálukú ń sọ iye òru tí ó fi ṣiṣẹ́ mọ́jú. Mizuki ní tirẹ̀ sọ pé wákàtí mẹ́wàá ni òun ń sùn. Tezuka kú ní 1989 lẹ́ni 60 ọdún. Ishinomori kú ní 1998, lẹ́ni 60 ọdún bákan náà. Mizuki dàgbà di ẹni 93 kí ó tó kú ní 2015, kò sì fi ìṣirò náà pamọ́ fún òǹkàwé. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí eyín wà nínú rẹ̀.

Tezuka yìí ni òdìkejì rẹ̀ pátápátá. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn kòkòrò, débi pé ó mú àmì tí wọ́n fi ń kọ kòkòrò ní èdè Japan, ó fi kún orúkọ ara rẹ̀ tí ó ń kọ sórí ìwé. Ó gba ìwé ẹ̀rí dókítà, síbẹ̀ máńgà ni ó yàn. Nǹkan bí ojú ìwé 150,000 ni wọ́n ṣírò pé ó yà kí ó tó kú. Nígbà tí àwọn iwin Mizuki gbajúmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn iwin tirẹ̀, Dororo, ní 1967. Nígbà tí Ishinomori ń ya iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Jun, tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, Tezuka kọ lẹ́tà sí òǹkàwé kan pé ìyẹn kì í ṣe máńgà. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ishinomori, Tezuka sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀ lọ tọrọ àforíjì. Ìlara yìí àti ìtìjú yìí, inú ènìyàn kan náà ni wọ́n wà, a sì lè rí méjèèjì nínú àwòrán rẹ̀ láìmọ ìtàn lẹ́tà náà rárá.

Ohun kékeré kan wà nínú ìwé Tezuka tí ó ń jẹ́ Hyōtantsugi: nǹkan kan tí ó rí bí akèrègbè tí wọ́n lẹ̀, tí ó ní imú ẹlẹ́dẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó kọ́kọ́ yà á nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le jù, tí ènìyàn ń kú lọ, tí ẹkún fẹ́ẹ́ bọ́ lójú òǹkàwé, nǹkan yìí lè já bọ́ sínú àpótí àwòrán láìnídìí. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó ń bínú sí i. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń rí Tezuka. Ó lè mú ọ dé etí ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ. Mizuki, ẹni tí ń ya gbogbo ènìyàn bí àwàdà, kì í sá bẹ́ẹ̀ nígbà tí òkú bá dé ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Tezuka kò lè fi iṣẹ́ tí ó ti parí sílẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún ìwé rẹ̀ tẹ̀, yóò gé àpótí kan kúrò, yóò ya òmíràn rọ́pò, yóò yí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn padà kí ó lè bá ìgbà mu. Nítorí èyí, ẹni tí ó ra ìwé kan náà ní ìtẹ̀jáde méjì lè bá ìtàn tí kò dọ́gba pàdé. Ẹ̀rù pé ayé yóò kọjá òun ni mo rí nínú àtúnṣe wọ̀nyí. Wọ́n ròyìn pé lórí ibùsùn àìsàn jẹjẹrẹ tí ó pa á, ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́.

Àwọn mìíràn wà tí ìwà tiwọn kò fa ọ̀rọ̀ gígùn. Akira Toriyama, ẹni tí ó ya Dragon Ball láti 1984 di 1995, kò fi í pamọ́ rárá pé iṣẹ́ àṣekára kò wu òun. Ó ṣàlàyé fúnra rẹ̀ pé ara ìdí tí irun Goku, akọni ìtàn náà, fi di aláwọ̀ wúrà nígbà tí agbára rẹ̀ bá ru sókè ni pé òun kò fẹ́ kí ọmọṣẹ́ òun máa fi íǹkì dúdú kun irun náà lójoojúmọ́. Aṣálẹ̀ ni ìjà sì máa ń bọ́ sí, nítorí kò sí ilé tí wọn yóò yà níbẹ̀. Olóòtú rẹ̀, Kazuhiko Torishima, máa ń dá iṣẹ́ rẹ̀ padà lemọ́lemọ́. Toriyama yí orúkọ rẹ̀ sódì, ó sì fi ṣe òṣìkà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Mashirito nínú Dr. Slump, máńgà rẹ̀ mìíràn. Mo fẹ́ràn ọ̀nà ìgbẹ̀san yìí gan-an. Hiromu Arakawa ní tirẹ̀, oko ẹran màlúù ní Hokkaido ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méje lẹ́yìn ilé ìwé kí ó tó lọ sí Tokyo. Màlúù tí ó wọ awò ojú ni ó máa ń yà tí ó bá fẹ́ ya ara rẹ̀. Nínú máńgà rẹ̀ Fullmetal Alchemist, òfin tí ó di gbogbo ayé ìtàn náà mú ni pé ẹni tí kò bá fi nǹkan sílẹ̀ kò lè rí nǹkan gbà, èyí tí ẹni tí ó ti jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù fún wàrà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Àtakò kan wà tí kò yẹ kí n fò. Ẹnìkan lè sọ pé: ṣebí ọmọṣẹ́ ni ó ń ya ọ̀pọ̀ nínú àwòrán náà? Òótọ́ ni. Àwọn tóótòòtó inú igbó Mizuki tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi ọ̀pọ̀ wọn síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Yoshiharu Tsuge, tí ó di ẹni ńlá fúnra rẹ̀. Ní 1968 ó gbé Neji-shiki jáde: ọkùnrin kan ti inú òkun jáde, ẹran omi ti gé iṣan lára apá rẹ̀, ó di ojú ọgbẹ́ náà mú, ó ń wá dókítà káàkiri abúlé kan tí ó kún fún dókítà ojú. Ọwọ́ tí ń fi tóótòòtó kún àwòrán Mizuki náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fi ọwọ́ náà ṣe. Tsuge, tí apá rẹ̀ pé, ya apá tí ó fẹ́ já bí àlá burúkú tí kò lópin. Mizuki, tí apá rẹ̀ ti lọ, a máa fi tirẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. A lè yá ènìyàn ní ọwọ́. Ibi tí ọwọ́ náà yóò ti pẹ́, ẹni tí ó ni ìtàn ni yóò pinnu rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tí ó ń ya ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òǹrorò. Junji Ito, tí àwọn ìtàn rẹ̀ lè lé oorun lójú ènìyàn, ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Ní 2009 ó gbé odindi ìwé jáde nípa ológbò méjì inú ilé rẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ kan náà tí ó fi ń ya òkú ni ó sì fi ya irun wọn. Sùúrù oníṣẹ́ eyín ni ó ń hàn níbẹ̀.

Ìdánwò tí ó le jù fún ohun tí mo ń sọ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2021, nígbà tí Kentaro Miura kú lẹ́ni 54 ọdún láì parí Berserk, iṣẹ́ tí ó ti ń yà láti 1989. Kouji Mori, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé girama, ni Miura ti sọ òpin ìtàn náà fún ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ní 2022, Mori àti àwọn ọmọṣẹ́ Miura ní Studio Gaga bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ síwájú, Mori sì ṣèlérí pé ohun tí ọ̀rẹ́ òun sọ fún òun nìkan ni òun yóò kọ, òun kò ní fi tòun kún un. Ìtàn náà, ti Miura ni. Ìlà náà sún mọ́ tirẹ̀ débi pé ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Síbẹ̀ Miura lè lo odindi orí kan lórí ìṣẹ́jú kan péré, kí ó máa yí ojú kan ṣoṣo ká títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà ń rìn tààrà lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ pé òun ń lọ, wọn kì í ya ibikíbi. Èmi kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yà.